Ṣé òótọ́ ni pé Stephen Keshi gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà bí agbábọ́ọ̀lù, ó sì tún gbà á bíi kóòṣì?

Òótọ́ ni o. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ jiyàn nílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Òkè-Fìà yẹn pé kó tètè san owó mínírà tẹ́ ẹ jọ ta.

Ẹ̀yìn ni Keshi ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe iwájú. Ní 1994, òun ni balógun ikọ̀ Nàìjíríà tó gba ife náà ní Tùníṣíà, àmọ́ orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí nígbà tí wọ́n na Zambia ní 2-1 ní àṣekágbá. Bóyá ibẹ̀ ni àríyànjiyàn yín ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2013, ó ti di kóòṣì, ó sì na Burkina Faso ní 1-0 ní Johannesburg. Sunday Mba ló jẹ góòlù yẹn, ọmọ tó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù nílé níbí nígbà náà. Mahmoud El-Gohary ti Íjíbítì nìkan ló ti gba ife náà bí agbábọ́ọ̀lù àti bíi kóòṣì ṣáájú Keshi.

Èyí tó máa ń dùn mí ni ti Tógò. Keshi ló mú wọn yege fún Ife Àgbáyé 2006, ìgbà àkọ́kọ́ wọn rèé, ṣùgbọ́n Otto Pfister ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún kí wọ́n tó dé Jámánì. Keshi kú ní oṣù kẹfà 2016, ẹni ọdún 54.