Ẹ Má Tíì Já Wáyà Iná: Àká Yín Ńkọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì fẹ́ kó lọ sórí ilẹ̀ wa, ká má san owó iná àti owó omi mọ́, ká máa jẹ ohun tá a bá gbìn. A ti ra sólà, a sì ti kọ ebè ẹ̀fọ́ 11. Ìyàwó mi ní kí n má tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Kí lẹ rí sí i? — Baba Ìbejì

ÌDÁHÙN: Baba Ìbejì, ẹ kú ìmúra. Ìyàwó yín ló jàre. Ọdún kẹsàn-án rèé tí wáyà iná kankan ò wọlé mi, nítorí náà mi ò dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n ebè ẹ̀fọ́ 11 ò lè bọ́ ilé. Kìlógíráàmù ewé kan ò fi bẹ́ẹ̀ ju kálórì 250 lọ. Àgbàlagbà tó ń roko a máa lo nǹkan bíi 2,500 lóòjọ́. Ta ló fẹ́ jẹ ewé kìlógíráàmù mẹ́wàá? Àgbàdo, ẹ̀wà àti ọ̀dùnkún ni kẹ́ ẹ fún ní ilẹ̀ tó pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ ọkà àti ẹ̀wà gbígbẹ nìkan, àgbàlagbà kan á jẹ tó 260 kìlógíráàmù lọ́dún.

Ibi tó dùn mí jù ni àká. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo di àgbàdo àpò mẹ́ta torí pé ó gbẹ lójú. Ọjọ́ tí mo tú àpò kan, ooru ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bá. Hóró rẹ̀ ti hu irun bí òwú. Gbogbo rẹ̀ ni mo dà nù, torí májèlé inú àgbàdo tó bu kì í kúrò bí a bá sè é. Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ní báyìí, ìgò gbígbẹ ni mo fi ń dán an wò: mo á da ẹ̀kúnwọ́ hóró sí i, mo á bu iyọ̀ gbígbẹ ṣíbí kan lé e, mo á dé e, mo á sì mì ín dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo padà sóòrùn nìyẹn. Bí kò bá lẹ̀, mo á rọ ọ́ kún dúrọ́ọ̀mù dẹ́nu, mo á dé e pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́ mí, á kú láìlo oògùn.

Omi ńkọ́? Òrùlé tó gùn ní mítà mẹ́jọ, tó fẹ̀ ní márùn-ún, á fún yín ní bíi lítà 1,000 bí òjò mílímítà 25 bá rọ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin, lítà 15 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ọgọ́rùn-ún ọjọ́ láìsí òjò: lítà 6,000 nìyẹn. Ṣé táńkì yín gbà á? Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé kẹ́ ẹ tó gba omi ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ẹ sì máa se èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mu kó hó.

Sólà dára, kò kánjú.

Ẹ dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún kan sí i. Tó bá di àkókò tí oko ò ní nǹkan kan, ẹ fi ọgbọ̀n ọjọ́ jẹun látinú àká nìkan, kí ìyàwó yín máa kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá jẹ sílẹ̀. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.