Báwo ni mo ṣe lè fi pọ́ǹpù kejì sí yàrá abẹ́ ilé mi l'Óṣogbo kí òjò má baà kún un?

Ra pọ́ǹpù tó ń lo bátìrì 12V, kí o gbé e sínú kòtò tí pọ́ǹpù àkọ́kọ́ wà, kó ga díẹ̀ jù ú lọ. Ìgbà tí òjò bá le gan-an ni iná sábà máa ń lọ, omi ò sì ní dúró de jẹnẹrétọ̀. Bí omi bá gbé float rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń léfòó lójú omi, sókè, á tan fúnra rẹ̀. Bátìrì ínfátà ni kí o lò, torí ti mọ́tò máa ń tètè bàjẹ́ bí a bá ń lò ó gbẹ léraléra. Fún un ní páìpù tirẹ̀ àti check valve, kí omi tó fà jáde má ṣàn padà.

Láti dán an wò, yọ iná pọ́ǹpù àkọ́kọ́, da korobá omi mélòó kan sí kòtò, kí o fetí sílẹ̀ bóyá èkejì á dún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé odò ló kún wọlé láti ẹnu ọ̀nà, pọ́ǹpù kékeré ò lè kápá rẹ̀.