Ṣé kí n yọ ara mi lẹ́nu lórí àròkọ LSAT?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Kétu ni mí, Àjàṣẹ́ ni mò ń gbé. Mo ti gba licence (oyè àkọ́kọ́) nínú ìmọ̀ òfin ní Abomey-Calavi, mo wá fẹ́ lọ ka JD, oyè òfin tí wọ́n fi ń di agbẹjọ́rò, ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu lórí àròkọ inú LSAT, ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ òfin níbẹ̀, pé wọn kì í fún un ní máàkì. Dissertation, àròkọ ọlọ́nà Faransé, ni wọ́n kọ́ wa láti lísẹ́. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ lẹni yẹn sọ, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Àwọn ìbéèrè tí èèyàn ń ṣa ìdáhùn wọn ló ń bí máàkì LSAT, láti 120 dé 180. Ti àròkọ kò sí níbẹ̀. Àmọ́ bí wọn ò bá tíì tẹ́wọ́ gba àròkọ rẹ, máàkì náà ò ní jáde. Bó bá sì jáde, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó o kọ̀wé sí ló máa rí àròkọ yẹn gbà. Èdè Faransé lo fi kàwé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ bó ṣe wà gan-an, láìsí ẹni tó bá ọ tún un ṣe.

(Bó bá jẹ́ LLM, oyè òfin kejì ọlọ́dún kan, lò ń wá ni, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ kì í béèrè LSAT rárá. O ní JD, ó dáa.)

Wọ́n yí àròkọ náà padà ní 2024. Ọ̀rọ̀ tí aráyé ń jiyàn lé lórí ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ báyìí, pẹ̀lú ìbéèrè kan àti èrò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹnu wọn ò kò. Ìṣẹ́jú 15 wà fún kíkà àti ríronú, 35 fún kíkọ. O gbọ́dọ̀ fèsì sí ọ̀kan nínú àwọn èrò yẹn, ó kéré tán.

Ibẹ̀ ni dissertation ti máa já ọ kulẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ká ti òkèèrè bọ̀, ká sọ tibí, ká sọ tọ̀hún, ká wá parí ẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bínú. Mo máa ń rí i lọ́wọ́ àwọn tí mò ń kọ́: àkókò á tán, wọn ò tíì sọ ibi tí wọ́n dúró sí.

Jẹ́ ká fi kpayo, epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí títì, dán an wò. Ká ní ìbéèrè náà ni pé, ṣé kí ìjọba kó àwọn oníkpayo kúrò létí títì pátápátá? Èrò kan ń sọ ti iná. Òmíràn ń sọ ti àwọn ilé tó jẹ́ pé owó kpayo ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹ̀kẹta ní abúlé mìíràn ò ní ilé epo kankan. Dissertation á bẹ̀rẹ̀ báyìí: «Láti ìgbà pípẹ́ ni ọ̀rọ̀ epo ti ń kan gbogbo àwùjọ...» Pa á rẹ́. Kọ èyí: «Kí ìjọba kó wọn kúrò, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kọ́ ilé epo kéékèèké síbi tí kò sí, torí iná kpayo tó jó ní Sèmè-Kraké ní oṣù kẹsàn-án 2023 pa ju ọgbọ̀n èèyàn lọ.» Gbólóhùn kan péré, a ti mọ ibi tó o dúró sí àti ìdí rẹ̀. (Èmi náà ń ra kpayo o, ẹ má bi mí.) Bó o bá fẹ́ gbè sẹ́yìn àwọn oníkpayo, gbè sẹ́yìn wọn, kò sí apá tí wọ́n ní kó o mú.

Lẹ́yìn náà, mú èrò tó le jù nínú èyí tó ta ko tìrẹ. Níbí, ti obìnrin tó ń fi ìgò epo tọ́mọ ni. Gbà pé òótọ́ wà níbẹ̀, kó o wá sọ ìdí tí kò fi borí tìrẹ. Bó o bá sá fún un lọ mú èyí tó rọrùn láti bì ṣubú, ẹni tó ń kà á máa mọ̀.

Àpẹẹrẹ ìbéèrè wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí LawHub, ìkànnì àwọn tó ń ṣe LSAT. Kọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o sì tẹ̀ ẹ́. Má fi bíìkì kọ ọ́. Bó bá jẹ́ AZERTY, bọ́tìnnì ìtẹ̀wé ti Faransé, lọwọ́ rẹ mọ́, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà ara rẹ lo ti máa kọ ọ́. Kámẹ́rà á máa wò ọ́, máíkì á máa gbọ́, ẹlòmíràn ò sì gbọdọ̀ wọlé. Nínú agbo ilé, ẹni tó ń wá iyọ̀ lè ṣílẹ̀kùn wọlé sọ́dọ̀ rẹ, nítorí náà kìlọ̀ fún gbogbo wọn, kó o sì ti ilẹ̀kùn. Àyè àtikọ àròkọ náà ti máa ń ṣí láti ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú ìdánwò. Kọ ọ́ nígbà náà, kí máàkì rẹ má bàa dúró dè é.