Èsì: Tábìlì táǹkì ẹja tó ń mì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá igi tí ẹ fi kan tábìlì táǹkì ẹja yín ló tín-ínrín jù tó fi ń mì, àti bóyá kí ẹ tẹ́ fóòmù sábẹ́ táǹkì. Igi yín nípọn tó. Síkúrù ló ń gbé ẹrù tó yẹ kí igi gbé: ẹ ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ lẹ de férémù òkè mọ́. Lítà omi 1 jẹ́ kílò 1, nítorí náà omi inú táǹkì lítà 200 yín nìkan tó kílò 200, ká má tíì ka gíláàsì àti òkúta.

1. Ẹ fa omi, ẹ gbé táǹkì kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò pẹ̀lú omi nínú.
2. Ẹ jẹ́ kí férémù jókòó lórí ẹsẹ̀ gan-an, igi lórí igi. Síkúrù á kàn dì wọ́n mú ni.
3. Ẹ kan pákó pẹlẹbẹ bo ẹ̀yìn látòkè délẹ̀. Ìyẹn ló máa pa mímì yẹn.

Ní ti fóòmù, ẹ tẹ́ ẹ bí ìdí táǹkì bá jẹ́ gíláàsì lásán. Bó bá ní férémù oníke nídìí, ẹ má tẹ́ nǹkan kan, torí etí rẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Fóòmù á máa ti gíláàsì àárín sókè.

Bí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú, abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ni kí ẹ ki pákó tín-ínrín sí, kì í ṣe abẹ́ táǹkì.