Ẹ Bi Wá: Nígbà tí Ọjọ́ Abẹ́rẹ́ Bá Bọ́ sí Ọjọ́ Ọjà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù wa ní Ìbàràpá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń fún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ibùdó ìlera alábọ́dé wa. Àwọn ìyá máa ń gbé ọmọ wá nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó pé oṣù 4, ọ̀pọ̀ wọn á ti dáwọ́ dúró. Àwọn nọ́ọ̀sì ń bú àwọn ìyá pé ọjà nìkan ni wọ́n mọ̀. Àwọn ìyá ń bú àwọn nọ́ọ̀sì pé ṣe ni wọ́n ń lé àwọn padà sílé. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún là ń ná ọjà wa. Káńsẹ́lọ̀ wa ti ṣèlérí pé òun yóò kọ́ yàrá méjì sí i mọ́ ibùdó náà kí ó lè gba èrò. Ṣé kí a gbà á bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú àbójútó ìlú, akọ̀wé wa. A kò ní kí ẹ kọ ẹ̀bùn yàrá náà o, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó pò sìmẹ́ǹtì, ẹ kọ́kọ́ mú kàlẹ́ńdà.

Yorùbá a máa ka ọjọ́ tí a ná ọjà mọ́ ọn, nítorí náà, ọjà tí à ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ọjọ́ 4 ló wà láti ọ̀kan dé èkejì. Ní ti abẹ́rẹ́ ọmọ ọwọ́, lẹ́yìn èyí tí wọ́n bá fún un ní kété tí wọ́n bí i, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ló kàn. Ọ̀sẹ̀ 4 ló pààlà sí wọn, ọ̀sẹ̀ 4 sì ni ọjọ́ 28. Ẹ pín 28 ní mẹ́rin mẹ́rin, kò ní ṣẹ́ku nǹkan kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìyá tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6 rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ọjà náà ni ti ọ̀sẹ̀ 10 yóò bọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni ti ọ̀sẹ̀ 14 yóò bá a, nígbà tí ẹni tí ó bímọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kò ní bá ọjà pàdé rárá nínú ìrìn àjò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Nínú ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́rin, ọ̀kan ni ọjà ń gbà lọ, àwọn ìyá kan náà ló sì ń gbà á lọ́wọ́ wọn nígbà gbogbo. Ẹ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ibùdó yín kí ẹ yẹ ọjọ́ àwọn ọmọ tí kò padà wá wò. Bí púpọ̀ nínú wọn bá jẹ́ ọmọ ọjọ́ ọjà, ọ̀rọ̀ àìbìkítà ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀sùn tí àwọn ìyá fi kan àwọn nọ́ọ̀sì náà kì í ṣe irọ́. Bí ìyẹ̀fun ni abẹ́rẹ́ ikọ́ ife ṣe máa ń wà nínú ìgò kékeré tí wọ́n á fi omi rẹ̀ pò. Ìgò kan a máa tó ogún ọmọ, ti èèyi a sì máa tó ọmọ mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti pò ó, kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 6, ìyókù di dídànù. Nọ́ọ̀sì tí ó bá rí ọmọ méjì péré lórí bẹ́ǹṣì ní ọjọ́ ọjà a wo ìgò náà, a wo ìwé tí yóò fi jíhìn ohun tí ó ṣòfò, a sì wí fún ìyá wọn pé, "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ìyá tí ó gun ọ̀kadà wá láti abà, tí ó fi igbá gààrí rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn pé kí ó bá òun tà á, kì í sábàá padà wá. Lójú tèmi, ọmọ ló yẹ kí a rò kí a tó ro ìgò. Ṣùgbọ́n ètò tí ó mú kí ọmọ méjì péré wá lọ́jọ́ kan ni àbùkù wà lára rẹ̀ ju nọ́ọ̀sì lọ.

Ẹ gbé kúlà tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ lọ sí ọjà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kí nọ́ọ̀sì kan dúró sí ibùdó, kí èkejì gbé kúlà, ìwé àkọsílẹ̀ àti òṣùwọ̀n lọ sí abẹ́ àtíbàbà kan tí ìyálọ́jà bá yà sọ́tọ̀. Àwọn ìyá tó wá láti abà wà níbẹ̀, ọmọ wọn wà lẹ́yìn wọn, ìgò tí a bá ṣí kò sì ní ṣòfò.

Ohun kejì ni kíka ọmọ. Mo ti jókòó sí ìpàdé wọ́ọ̀dù tí a ti fi wákàtí méjì jiyàn lórí ọ̀dà tí a ó fi kun ibùdó ìlera, tí kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó lè sọ iye ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní àdúgbò náà. Iṣẹ́ yín gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé nìyí. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo abà àti gáà Fúlàní tó wà ní wọ́ọ̀dù náà, èyí tí kò sí lójú àwòrán ilẹ̀ pàápàá, kí ẹ sì bèèrè àwọn ọmọ tuntun lọ́wọ́ baálẹ̀ abà, séríkí, àwọn ìyá agbẹ̀bí, àti àwọn ilé àgbẹ̀bí tó wà lábẹ́ ìjọ. Ẹ fi í wé ìwé ibùdó ìlera. Àlàfo tó wà láàárín ìwé méjèèjì ni iṣẹ́ tó kù láti ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ní 1956 ni Dókítà David Morley, oníṣègùn ọmọdé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò jókòó sí Iléṣà kó máa retí àwọn ọmọ. Ó dá kílíníìkì àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ó ti jẹ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń wọn àwọn ọmọ lóòrèkóòrè, wọ́n ń fi àmì sí káàdì tí yóò fi hàn bóyá ọmọ ń dàgbà bí ó ti yẹ, ìyá ló sì ń gbé káàdì náà lọ sílé nínú ọ̀rá, kì í ṣe ilé ìwòsàn ló ń tọ́jú rẹ̀. Iye ọmọ tí ń kú dín kù níbẹ̀, irú káàdì bẹ́ẹ̀ sì tàn káàkiri ayé. Òyìnbó ni Morley lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn ìyá Ìmẹ̀sí ló sọ ètò náà di ohun tó dúró.

Ní ti owó àti àṣẹ, Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin 1999 fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpín nínú ètò ìlera àti ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òfin ìlera ti 2014 náà sì ní kí wọ́n ya owó sọ́tọ̀, ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀, fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ibùdó ìlera kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣètò pé kí ó máa gbà nínú rẹ̀. Ẹ bi ọ̀gá ibùdó yín bóyá tiyín wà níbẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ìgbìmọ̀ yín wà níbi tí wọ́n bá ti ń kọ ètò ìnáwó. Owó ọ̀kadà tí yóò gbé kúlà lọ sí ọjà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 28 kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n bí kò bá sí nínú ìwé náà, kò sí ẹni tí yóò san án.

Yàrá káńsẹ́lọ̀ wá ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta dán ti ọjà wò. Bí èrò bá ṣì kún ibùdó lẹ́yìn ìyẹn, kí ó kọ́ ọ. Bí kò bá kún, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó sọ owó náà di alùpùpù kan àti ibòji tí àwọn ìyá yóò máa jókòó sí. Yóò ṣòro díẹ̀ o, nítorí àwọn olóṣèlú fẹ́ràn ohun tí wọ́n lè gé ríbọ́ọ̀nù sí lẹ́nu, kò sì sí ẹni tí í gé ríbọ́ọ̀nù fún kàlẹ́ńdà.

Ìbéèrè: Bàbá àgbà ni mí ní Ṣakí. Àwọn ọmọ ọmọ mi méjì, ọmọ ọdún 7 àti ọmọ ọdún 4, kò ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí. Ní ọ́fíìsì kan tí mo dé, owó ni wọ́n kọ́kọ́ bèèrè. Ṣé owó wà lórí rẹ̀ ni? Kí sì ni ìwé náà wúlò fún yàtọ̀ sí ti ilé ẹ̀kọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Bàbá. Kò sí owó lórí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àjọ ètò ìkànìyàn, NPC, máa ń fi orúkọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sílẹ̀. Láàárín ọjọ́ 60 tí a bí ọmọ ló yẹ kí a ti ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí ó pẹ́ kò tíì pàdánù rẹ̀.

Ní ti ìwúlò rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo ti ilé ẹ̀kọ́ náà dáadáa. Láti 2004 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún 9. Ọmọ tí a bí lónìí, nǹkan bí ọdún 6 ló kù kí ó jókòó ní pírámárì kínní. Bí a bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn aláṣẹ ní ọdún 6 gbáko láti wá olùkọ́ kí wọ́n sì kan bẹ́ǹṣì. Bí a kò bá kọ ọ́, yóò yọ sí wọn ní oṣù Kẹsàn-án bí ẹni já bọ́ láti ọ̀run, wọn yóò sì ní kí ó lọ jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá padà lọ, ẹ mú káàdì àjẹsára àwọn ọmọ náà dání, nítorí ọjọ́ ìbí wọn wà lórí rẹ̀. Ẹ sì bèèrè bóyá òṣìṣẹ́ wọn lè máa wá jókòó sí ibùdó ìlera ní ọjọ́ abẹ́rẹ́, kí ìyá tí ó gbé ọmọ wá lè ti ibẹ̀ gba ìwé rẹ̀ lọ.