Orí ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè ní sisig

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni àwọn ṣójà Amẹ́ríkà ló gbé sisig, ìyẹn oúnjẹ orí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, dé Philippines, àti pé kí ló dé tí èyí tí ẹ sè nílé fi dà bí ẹran tí wọ́n da máyónéèsì bò, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Irú ìyà yẹn ti jẹ èmi náà rí, ìṣojú àwọn tó ni oúnjẹ ló sì ti jẹ mí.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrù. Àwọn ọmọ Philippines ló pọ̀ jù nínú wa. Ọmọ ìlú Angeles ní ìpínlẹ̀ Pampanga ni kúùkù wa. Kuya ni gbogbo wa ń pè é, bí àwa ṣe ń pe ẹni tó jù wá lọ ní bọ̀dá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n bó àlùbọ́sà, kí n fọ abọ́, kí n má sì yọjú sí ohun tó bá wà lórí iná.

Lọ́jọ́ Sunday kan, ibà dá Kuya dúbúlẹ̀. Mo ní kò burú, màá se sisig fún wọn, ṣebí mo ti rí i tó ń sè é ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Mo bọ orí ẹlẹ́dẹ̀, mo gé e wẹ́wẹ́, mo dà á tomitomi sórí abọ́ irin tó ti gbóná janjan. Ọ̀rá ta pàrà sí mi lára. Àpá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òsì mi títí dòní. Nígbà tí mo rí i pé ẹran ọ̀hún ò fani mọ́ra, mo bu máyónéèsì ṣíbí mẹ́rin lé e lórí. Wọ́n jẹ ẹ́ o, ebi sáà ń pa wọ́n. Kuya fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora wá, ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ní, "Ó dùn. Ṣùgbọ́n sisig dà?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó mú máńgòrò kan tí kò tíì pọ́n, ó gé e, ó fi iyọ̀, ata àti fínígà sí i, ó ní kí n jẹ ẹ́. Eyín mi kan! Ó ní, "Òun nìyẹn."

Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyí: ohun kíkan ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe ẹran. Lọ́dún 1732, àlùfáà ìjọ Àgùdà kan tó jẹ́ ará Spéènì, Diego Bergaño, ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Kapampangan, ìyẹn èdè àwọn ará Pampanga. Sisig wà nínú ìwé yẹn, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ẹlẹ́dẹ̀ nínú ìtumọ̀ rẹ̀. Ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n ni, tàbí gúáfà tí kò tíì pọ́n, tí wọ́n fi iyọ̀, ata, aáyù àti fínígà jẹ. Ọdún 1898 ni Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Spéènì. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ọdún 166 ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé kí ṣójà Amẹ́ríkà kankan tó débẹ̀. Kuya ní irú nǹkan yẹn ni ìyá òun ń jẹ nígbà tó lóyún àbúrò òun, torí pé ó máa ń lé èébì. (Ìyàwó tèmi náà, àgbálùmọ̀ ló ń wá kiri nígbà tirẹ̀. N kò bá a jiyàn.) Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ etí àti ìrù ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń fi í sínú omi kíkan yẹn kan náà. Ibẹ̀ ni ẹran ti wọlé.

Ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà wá ńkọ́? Bárékè ọkọ̀ òfuurufú wọn, Clark, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Angeles níbẹ̀ títí di 1991, ọdún tí òkè Pinatubo bú gbàmù. Àwọn tó ń dáná nínú bárékè yẹn kì í lo orí ẹlẹ́dẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń rà á lówó pọ́ọ́kú. Ìpín tiwọn nínú ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọn ò sè é, wọn ò sì kọ́ ẹnikẹ́ni. Orí tí wọn ò fẹ́ jẹ ni wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹni tó sọ orí yẹn di olókìkí ni obìnrin kan tó ń ta ẹran sísun lẹ́bàá ojú irin ọkọ̀ rélùwéè ní Angeles, Lucia Cunanan, tí wọ́n ń pè ní Aling Lucing. Aling yẹn dà bí ìgbà tí a bá ní Ìyá Lucing. Lọ́dún 1974, lẹ́yìn tó ti bọ etí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, ó sun ún lórí èédú, ó gé e kéékèèké, ó po àlùbọ́sà, ẹ̀dọ̀ adìẹ àti omi calamansi mọ́ ọn. Calamansi yìí, ọmọ ìyá ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Ti abọ́ irin tó ń ho ṣàà dé iwájú oníbàárà, ará Pampanga míì, Benedict Pamintuan, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń yìn fún un. Láti ìgbà náà ni sisig àti bíà ò ti ya ara wọn mọ́.

Ìlú Manila, olú ìlú Philippines, ni ẹyin àti máyónéèsì ti gbilẹ̀. Ọmọ Manila kan wà nínú ọkọ̀ wa tí kò ní jẹ ẹ́ láìfọ́ ẹyin tútù lé e lórí, òun àti Kuya sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́dún 2017, ìjọba ìlú Angeles tiẹ̀ ṣòfin pé ohun àjogúnbá ìlú àwọn ni "Sizzling Sisig Babi". Ẹlẹ́dẹ̀ ni babi lédè wọn. Tèmi ni pé ẹyin ò bàjẹ́, ṣùgbọ́n máyónéèsì máa ń pa kíkan rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lónìí, wọ́n ń fi ẹja túnà, tófù, àní ìṣáwùrù òkun pàápàá ṣe é, n kò sì rí Kuya kó bínú sí ìkankan nínú wọn níwọ̀n ìgbà tó bá ti kan.

Ní báyìí tí mo ti padà sílé, Òkè-Àró ni mo ti ń ra orí tèmi. Ẹ fá irun rẹ̀ dáadáa, ẹ yọ ìdọ̀tí inú etí. Ẹ bọ̀ ọ́ títí ọwọ́ á fi lè ya awọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ nù ún, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ibi tí èmi ti jóná nìyẹn, ẹ má fò ó o. Ẹ wá sun ún lórí èédú títí awọ á fi máa ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ po àlùbọ́sà tútù àti ata wẹ́wẹ́ mọ́ ọn. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló kẹ́yìn, ẹ gbé e kúrò lórí iná kí ẹ tó fún un sí i, kí ẹ sì fún un ju bí ọkàn yín ṣe ní kó mọ lọ.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀, Kuya tọ́ ọ wò, ó di ojú méjèèjì pọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó na abọ́ sí mi, ó ní kí n bu ìrẹsì sí i.