Ìkànnì Tí Ẹ Sanwó Rẹ̀ Lè Má Jẹ́ Tiyín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹni tí ó fẹ́ bá yín kọ́ ìkànnì fún okòwò yín ti fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ohun gbogbo yóò ti parí, pé òun fúnra òun ni yóò gba orúkọ ìkànnì náà, ìyẹn àdírẹ́sì tí ènìyàn ń tẹ̀ láti dé ibẹ̀, kí ẹ má baà ṣe wàhálà, àti pé bí ó bá ti gun orí ayélujára, àwọn oníbàárà yóò máa rí yín lórí Google. Ẹ wá béèrè bóyá ó ku ohun tí ẹ̀yin gbọ́dọ̀ ṣe. Ó kù, ó sì pọ̀. Èmi náà gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìkànnì fún iṣẹ́ àga àti tábìlì tí mò ń ṣe, ohun tí ojú mi sì rí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Orúkọ ni kí á fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló dùn mí jù. Èrò mi nígbà náà ni pé ẹni tí ó sanwó ló ni nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Orúkọ ìkànnì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń rà kí ó di tirẹ̀ títí ayé. Ńṣe ni à ń gbà á fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a ó sì tún owó rẹ̀ san bí àkókò bá pé, ẹni tí orúkọ àti ímeèlì rẹ̀ bá sì wà nínú ìforúkọsílẹ̀ ni àwọn tí ń ta orúkọ mọ̀ ní olóhun. Ẹni tí ó bá mi ṣiṣẹ́ lo ímeèlì ara rẹ̀. Kò ní ibi lọ́kàn, ohun tí ó yá jù fún un ni ó ṣe. Nígbà tí ó di ọdún kejì, ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ti pa nọ́ńbà rẹ̀ dà, gbogbo ìránnilétí pé owó ti tó san sì ń wọ inú àpótí ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan pè mí pé òun tẹ orúkọ wa, ìpolówó àwọn ẹlòmíràn ni òun ń rí. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù tèmi, òótọ́ ni.

Ohun tí n kò tilẹ̀ ronú kàn ni pé ímeèlì okòwò wa, orí orúkọ kan náà ni ó dúró lé. Bí orúkọ ti lọ ni ímeèlì lọ. Mo ti fi iye owó iṣẹ́ ńlá kan ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo èsì tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí mi ni ó ń padà sọ́dọ̀ wọn, títí wọ́n fi gbà pé a ti kógbá sílé, tí wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Fún orúkọ tí ó parí sí .com, bí wọ́n bá ti pa á rẹ́ lẹ́yìn tí àkókò rẹ̀ kọjá, 30 ọjọ́ ṣì wà tí ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ lè fi gbà á padà, ní owó tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni náà kì í ṣe èmi. Mo ń wò ó ni àkókò náà pé, tí ẹlòmíràn sì gbà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ṣí àkáǹtì náà, ní orúkọ yín, pẹ̀lú káàdì báǹkì tiyín, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa fa owó rẹ̀ lọ́dọọdún láìdúró dè yín. Ẹ má ṣe lo ímeèlì tí ó dúró lórí orúkọ ìkànnì náà gan-an fún àkáǹtì yìí, nítorí bí orúkọ bá bọ́, ìkìlọ̀ pàápàá kò ní ibi tí yóò gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ó ṣe yẹ kí ẹ ṣe sí ibi tí ẹ ti háyà àyè fún ìkànnì náà nìyẹn. Ẹni tí ń bá yín ṣiṣẹ́ lè ní ọ̀nà àbáwọlé tirẹ̀, tí ẹ lè tì nígbàkígbà.

Ní ti Google, bí ẹnikẹ́ni bá fi ipò kìíní dá yín lójú, ẹ yẹra fún un. Google fúnra wọn ti sọ pé kò sí ẹni tí ó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Mo sanwó lọ́tọ̀ nígbà kan fún ọ̀rọ̀ jàn-ànràn jan-anran tí wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn ojú ewé, èyí tí wọ́n ń pè ní meta keywords, láìmọ̀ pé láti ọdún 2009 ni Google ti kéde pé àwọn kì í wò ó rárá láti fi to àwọn ìkànnì. Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni Search Console, irinṣẹ́ tí Google fi ń han olóhun ìkànnì bí ìkànnì rẹ̀ ṣe ń jáde nínú ìwákiri, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé ojú ewé wa tí Google mọ̀ kò ju méjì lọ, àti pé àwọn ènìyàn ń wá ìwọ̀n tábìlì àti irú igi tí a fi ṣe é, nígbà tí ó jẹ́ pé "Ẹ káàbọ̀ sí ìkànnì wa" ni èmi kọ gàdàgbà síwájú. Mo yọ ọ́, mo kọ ìwọ̀n, irú igi àti iye ọjọ́ tí iṣẹ́ ń gbà. Láàárín oṣù bíi mélòó kan, àwọn tí ń pè wá ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n tó pè.

Ẹ má sì ṣe fi kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ́ ọ yẹ̀ ẹ́ wò. Fọ́tò 12 ni mo gbé sójú ewé àkọ́kọ́, bí kámẹ́rà ti yà wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ sí MB 5. Kíá ló ń ṣí lọ́dọ̀ mi, nítorí kọ̀ǹpútà mi ti tọ́jú àwọn àwòrán náà pamọ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń wò ó. Ọjọ́ tí mo jókòó ti oníbàárà kan tí ó ṣí i lórí fóònù rẹ̀ ni ojú mi là: àwòrán àga àkọ́kọ́ jáde dé ìdajì, ó dúró, oníbàárà náà sì rọra fi fóònù sápò. A dín ọ̀kọ̀ọ̀kan kù sí ìsàlẹ̀ KB 200, ẹwà wọn kò sì dín.

Ní ti kí ó "parí", kì í parí. Àwọn ọlọ́ṣà orí ayélujára gba inú ohun èlò kan tí a so mọ́ WordPress, ètò tí a fi kọ́ ìkànnì wa, tí a kò túnṣe fún oṣù mẹ́jọ, wọlé sí tiwa, ẹ̀dà tí mo tọ́jú sí ibòmíràn ló yọ mí. Ẹ bá ẹni náà sọ ọ́ nísinsìnyí: ta ni yóò máa ṣe àtúnṣe, ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀dà, eélòó sì ni. Bí ó bá ti gba orúkọ náà ní orúkọ ara rẹ̀, ẹ ní kí ó yí i sí tiyín, kí ẹ sì fi ojú ara yín rí i nínú àkáǹtì yín kí ẹ tó san owó tí ó kù.